Ìwé Pupa Lẹ́nu Ọ̀nà Ìyá Àgbà

Láti oṣù kọkànlá ni mo ti di ìyá àgbà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí n tó fọ ẹnu, màá fa fóònù wọn yọ lábẹ́ ìrọ̀rí mi, màá wá àwòrán òdòdó kan tí wọ́n kọ "Ẹ káàárọ̀ o" sí lára, irú èyí tí àwọn arúgbó fẹ́ràn, màá sì fi ránṣẹ́ sí Keyi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Òun náà á dáhùn pé, "Màmá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ ti jẹun?" Màá tún fi òdòdó mìíràn ránṣẹ́. Ìyá àgbà ò mọ̀wé kọ, nítorí náà òdòdó ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn màá fọ ẹnu mi, màá lọ sí kíláàsì.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá yẹn ni ìyá àgbà kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá wọn ṣubú nínú ilé ìdáná, wọ́n lo ìwọ̀nba ọjọ́ ní ọsibítù, ó parí. Ó ti bọ́ kí wọ́n tó pè mí wálé láti Shenyang, níbi tí mo ti ń kàwé. Mo wálé, mo so aṣọ funfun mọ́rí, mo kúnlẹ̀ níbi tí wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ sí, mo padà sí ilé-ìwé. Wọn ò pe Keyi. Keyi wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì ní Wuhan, ó sì fẹ́ ṣe ìdánwò ìgbàwọlé fún oyè kejì ní òpin oṣù kejìlá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ bá ní ìdánwò níwájú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kú. Ilé lè máa jó, bàbá lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, gbogbo ẹbí á fi ìka sẹ́nu: "Ẹ má sọ fún un o, ó ní ìdánwò." Ní tèmi, ìtọ́jú ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mò ń kọ́. Kò sí ìdánwò kankan níbẹ̀ tí òkú lè bà jẹ́. Bí èmi ṣe rí ìsìnkú ìyá àgbà nìyẹn, tí Keyi tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tọ́ dàgbà ò rí i.

Òótọ́ ni, àwọn ni wọ́n tọ́ ọ. Ìyá Keyi ti bá tirẹ̀ lọ láti ìgbà tọ́mọ náà ò tíì mọ bàtà í wọ̀. Inú fúláàtì ìyá àgbà, ní àjà kẹta, ni Keyi àti bàbá rẹ̀ ń gbé. Tiwa wà ní ilé kejì sí i.

Bàbá Keyi ló fi fóònù náà lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsìnkú. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n lò," wọ́n ní. "Ṣáà máa dá a lóhùn. Tó bá ti ṣe ìdánwò tán, èmi fúnra mi ni màá sọ fún un."

"Ṣé ẹ ṣèlérí, sà?"

"Ta lò ń bi bẹ́ẹ̀?"

Ìdánwò parí, wọn ò sọ. Wọ́n ní ó di ìgbà tí èsì bá jáde ní òpin oṣù kejì. Wọ́n tún ní tí èsì bá dára, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ṣì ń bẹ níwájú, orí ọmọ ò gbọdọ̀ dàrú. Mo wò wọ́n. Mo ní lọ́kàn mi pé bó ṣe ń lọ yìí, ọjọ́ tí Keyi bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ tirẹ̀ ni wọ́n máa sọ fún un.

Ìsinmi ìgbà òtútù wá dé, gbogbo wa sì ru báàgì wálé. Irọ́ tí wọ́n ti dè sílẹ̀ fún Keyi dùn ún gbọ́, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Bí òtútù bá ti mú, ìdajì àwọn arúgbó ìlú wa ni wọ́n máa ń kó lọ sí Sanya létí òkun, níbi tí oòrùn wà, bí ẹyẹ tó ń sá fún òtútù. Àǹtí Lan, àbúrò bàbá mi, ń gbé níbẹ̀. Nítorí náà Màmá ti lọ sí Sanya. Ó tán.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Keyi wọlé. Yìnyín kún èjìká rẹ̀. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi pariwo, "Màmá! Ẹni yín ti dé o!"

"Wọ́n ti lọ sí Sanya," ni Bàbá Keyi dáhùn. Ojú wọn ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Màmá tiwa? Màmá tí òòyì máa ń kọ́ tí wọ́n bá wọ bọ́ọ̀sì?"

"Àǹtí rẹ ló bẹ̀ wọ́n."

Keyi lọ sí yàrá ìyá àgbà. Mo gbọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́, a ti sun aṣọ wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òkú lọ́dọ̀ wa. Ó jáde, ó dúró. "Wọ́n kó gbogbo aṣọ lọ? Kódà kóòtù olówùú yẹn? Kí ni wọ́n fẹ́ fi kóòtù olówùú ṣe ní Sanya tí àwọn èèyàn ti ń wọ ṣòkòtò péńpé?"

Èmi ni mo dáhùn. "Ẹ̀rọ amúlétutù wọn níbẹ̀ le gan-an ni," mo ní. Ẹ wá gbọ́ irọ́! Keyi rẹ́rìn-ín, ó gbá mi lórí fẹ́ẹ́rẹ́, ó ní, "Xiaoman, o ò lè gbọ́n láé."

Bá a ṣe lo ìsinmi náà nìyí, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀: a sùn. A ń jí nígbà tí oòrùn ti fẹ́ máa wọ̀, nítorí ní ìhà tiwa ní àríwá, oòrùn òtútù kì í pẹ́ relé. Páìpù tó ń mú ilé gbóná gbóná débi pé a ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì nínú ilé, tí itọ́ èèyàn sì lè dì kó tó kan ilẹ̀ níta. A ń tẹ fóònù. Keyi forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ mọ́tò wíwà, nítorí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń kọ́ ọ nígbà ìsinmi yìí; ó ń fi mọ́tò yọ̀ lórí omi dídì, olùkọ́ rẹ̀ sì ń bú u tìyátìyá. Bó bá dé, á jẹun, á dùbúlẹ̀. Nígbà tí Màmá ò gbé ìpè rẹ̀, ó pe Àǹtí Lan lórí fóònù pé òun fẹ́ rí ojú Màmá. Àǹtí ní Màmá wà ní ilé ìgbẹ́. Ní ọjọ́ mìíràn Màmá ń sùn. Ní ọjọ́ mìíràn Màmá ti lọ bá àwọn ẹgbẹ́ wọn jó létí òkun. Ìyá àgbà tí eékún ò jẹ́ kí wọ́n dé ọjà ti wá di oníjó! Mo ń gbọ́ ọ, mi ò rẹ́rìn-ín, mi ò bínú. Ara mi ti kú. Ẹ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń rí tí èèyàn bá jókòó lé e pẹ́? Bí inú mi ṣe rí láti oṣù kọkànlá nìyẹn.

Mo ṣì ń fi òdòdó ránṣẹ́ láràárọ̀. Ní òwúrọ̀ kan, mo sùn sílé wọn, mo fi ránṣẹ́ láti ilé ìwẹ̀, mo gbọ́ fóònù Keyi tó dún ní pálọ̀. "Wò ó, Màmá ti jí," ó ní. Mo fọ ọwọ́ mi, mo jáde.

Ọjọ́ kan, ní ọ̀sán, ó ní kí n jẹ́ ká lọ wẹ̀. Ilé ìwẹ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn ọjà la lọ. Èèyàn á lọ rì sínú omi gbígbóná, wọ́n á fi kànrìnkàn bó o bí ìgbà tí wọ́n ń bó iṣu, lẹ́yìn náà wọ́n á fún ọ ní pijámà, wàá wá dùbúlẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìsinmi, tọkùnrin tobìnrin, wàá máa jẹ èso. Àwa méjèèjì dùbúlẹ̀ lórí àga gbọọrọ, ara wa pọ́n bí edé. Mo ń fa omi inú èso kan tí òtútù ti mú dì mu. Nítorí pé mi ò ní ohun tí mo lè sọ, mo béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìdánwò yẹn ńkọ́? Ó lọ dáadáa?"

"Mi ò ṣe é."

"O ò ṣe kí ni?"

"Mo wọlé lọ́jọ́ kìíní, mo kọ díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sí ilé oúnjẹ kan ní òdìkejì títì, mo ń wo géètì títí wọ́n fi tì í. Mo jẹ núdù."

Mo dìde jókòó. "O jẹ núdù?"

"Abọ́ méjì. Ó dùn gan-an." Ojú rẹ̀ wà lókè àjà. "Má bi mí léèrè ìdí, mi ò mọ̀ ọ́n. Ó kàn dà bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń retí nínú ibẹ̀, kì í ṣe èmi."

"Bàbá rẹ mọ̀?"

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Kí wọ́n lè fò láti àjà kẹta? Màmá nìkan ni mo sọ fún. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo gbohùn sílẹ̀ fún wọn, mò ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mo ní kí wọ́n pè mí, kí wọ́n bú mi, kí wọ́n ṣáà sọ nǹkan."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Òdòdó ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sójú rẹ̀. "Òdòdó pupa kan báyìí, 'Ẹ káàárọ̀ o.' Bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Xiaoman, mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ. Ọjọ́ yẹn ni mo tó rí oorun sùn."

Èmi náà dùbúlẹ̀ padà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ ohùn kankan rí nínú fóònù yẹn. Bí mo bá ti rí i pé ohùn ló fi ránṣẹ́, mo máa ń fò ó ni, mi ò fẹ́ gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń pe "Màmá." Ọ̀rọ̀ ńlá ni Keyi gbé wá bá òkú, òkú sì kí i káàárọ̀. Nígbà tí mo délé, mo tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ ọ. Bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí.

Ẹ wá wò ó. Bàbá ń purọ́ fún ọmọ nítorí ìdánwò. Ọmọ ń purọ́ fún bàbá nípa ìdánwò kan náà. Ní gbogbo ilé yẹn, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé òfìfo ni wọ́n ń ṣọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo nílò. Àmọ́ tí mo bá sọ ọ́ fún Bàbá Keyi, mo ti tú àṣírí ọmọ wọn. Tí mo bá sọ ọ́ fún Keyi, mo ti gba òdòdó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó rò pé ó gbá òun mú. Mo rò ó títí, ó rẹ̀ mí, mo sùn.

Ọdún tuntun wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé pupa tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ire sí. Ilé tó bá ń ṣọ̀fọ̀ kì í lẹ pupa lọ́dún yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ wa mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́, bí ìgbà tó ń jó lórí sàréè ìyá rẹ̀ ni. Tí wọn ò bá sì lẹ̀ ẹ́, Keyi máa gòkè, á rí ilẹ̀kùn tó ṣófo láàárín ilẹ̀kùn tó pọ́n, á sì mọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu.

Mo gbọ́ màmá mi àti Bàbá Keyi tí wọ́n ń fà á nínú ilé ìdáná wa.

"Ẹ ò gbọdọ̀ dán an wò," màmá mi ní. "Yìnyín àkọ́kọ́ tó bọ́ sórí sàréè Màmá ò tíì yọ́!"

"Tí mi ò bá lẹ̀ ẹ́, ọmọ náà máa mọ̀."

"Kó mọ̀! Ṣé kò ní mọ̀ láé ni?"

"Kó mọ̀ kẹ̀? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti ṣe?" Bàbá Keyi lu tábìlì. "Ẹ dákẹ́ jàre, ìyàwó wa. Màmá ló bí mi, èmi ni màá bẹ̀ wọ́n."

Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ tí ọdún fẹ́ pin, bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ibùdó èédú, èmi àti màmá mi gbé jiaozi, ẹran tí a fi ìyẹ̀fun wé fún oúnjẹ ọdún, sórí àwo lọ sí ilé ìyá àgbà. A bá wọn lẹ́nu ọ̀nà. Àpótí wà nílẹ̀, Bàbá Keyi wà lórí rẹ̀, ìwé pupa wà lọ́wọ́ wọn. Keyi dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n fi omi gbígbóná pò. Bàbá Keyi gbé ìwé náà sókè, wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n tún gbé e sókè.

"Bàbá, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é," Keyi ní. "Ẹ ti darúgbó."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀, mo sì rí i pé ara tù wọ́n. Ìyẹn ló kọ́kọ́ mú inú bí mi. Keyi gun àpótí, ó fi ìyẹ̀fun pa ògiri, ó lẹ apá òsì, ó fi ọwọ́ nà án dáadáa, ó ń kọrin lábẹ́ èémí. Ó gbé apá ọ̀tún. Ó yíjú padà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Xiaoman, ṣé ó gún? Ya fọ́tò ẹ̀ jàre, ká fi ránṣẹ́ sí Màmá."

Àwo jiaozi wúwo lọ́wọ́ mi. Mo wo Bàbá Keyi, wọ́n ń wo ilẹ̀. Mo wo màmá mi, wọ́n yíjú sápá kan. Keyi ṣì ń rẹ́rìn-ín lórí àpótí, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ pupa mọ́ ilẹ̀kùn ẹni tó tọ́ ọ. Ohun tó ti kú nínú mi láti ọjọ́ yìí, ó jí, ó sì dùn mí wọra.

"Ẹ̀gbọ́n, sọ̀kalẹ̀," mo ní. "Yọ ọ́ kúrò."

"Ṣé kò gún ni?"

"Màmá ti kú. Láti oṣù kọkànlá. Wọn ò lọ sí Sanya kankan. Ilé yìí ń ṣọ̀fọ̀, yọ ìwé yẹn kúrò!"

Bàbá Keyi gbé ọwọ́ láti gbá mi létí. Ọwọ́ náà dúró lókè, kò wá. Keyi ò sọ̀kalẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo màmá mi, màmá mi mi orí pé òótọ́ ni. Ó wá wò mí.

"Òdòdó yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Mi ò gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Má bínú."

Kò bú mi. Ì bá ti bú mi, ì bá tù mí lára. Ó kọjú sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná họ ìwé tó ti lẹ̀. Òtútù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti mú ìyẹ̀fun náà dì, ìwé ń ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, pupa ń dọ̀tí ìka rẹ̀.

"Nítorí ìdánwò ẹ ni," Bàbá Keyi ní. Ohùn wọn tín-ín-rín. "Tó o bá gbọ́ nígbà yẹn, ṣé o lè jókòó kọ nǹkan? Nítorí ọjọ́ iwájú ẹ ni. Màmá pàápàá á dárí jì mí tó o bá yege."

"Mi ò ṣe ìdánwò, Bàbá."

"Kí lo wí?"

"Mi ò wọlé lọ́jọ́ kejì. Ẹ má retí èsì kankan."

Bàbá Keyi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di nǹkan mìíràn, wọ́n wá gbá abọ́ ìyẹ̀fun nípàá, ó yí lọ sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"O ò ṣe é!" wọ́n pariwo. "O ò ṣe é! Ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lajú, ìwọ ni wọ́n ń béèrè! 'Keyi dà? Ṣé ẹ ti pe Keyi?' Mo ní a ti pè ọ́! Mo ní o ti wọ ọkọ̀ ojú irin, o ti ń bọ̀! Èmi ọmọ wọn, mo jókòó tì wọ́n, mò ń purọ́ fún ẹni tó ń kú lọ, pé o ti ń bọ̀, o ti ń bọ̀, o ti fẹ́ dé! Nítorí ìdánwò! O wá ní o ò ṣe é?"

Mi ò mọ ìyẹn rí. Mo ti rò pé wọ́n kàn dákú lọ ni, tí wọn ò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo wo màmá mi, mo rí i pé wọ́n mọ̀.

Keyi sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó gbé ọwọ́ pupa rẹ̀ sórí eékún. Ní àjà kejì, wọ́n ń dín nǹkan, a ń gbọ́ bí epo ṣe ń hó. Kò sunkún.

"Wọ́n ń retí mi?"

Bàbá Keyi ti fi ara ti ògiri. Màmá mi ló dáhùn. "Wọ́n ń retí ẹ."

"Nígbà tí wọ́n retí mi tí mi ò dé ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ?"

Màmá mi gba àwo jiaozi lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n fi etí aṣọ nu ojú. "Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé yìnyín ló dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n ní tó o bá dé, kí ẹnikẹ́ni má bá ẹ wí pé o pẹ́."

Kò sẹ́ni tó bá a wí.